Bí Wọ́n Ṣe Sin Rufus Dé Gáréèjì

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ àìsàn tó ń ṣe Rufus fún yín, kí ẹ má baà rò pé ìlara ni mò ń ṣe. Gbólóhùn kan péré ni ẹnu rẹ̀ kò lè pè: "N kò mọ̀." Bí ẹ bá bi í léèrè ọ̀nà ibi tí kò dé rí, á júwe rẹ̀ fún yín, á tún sọ ibi tí ẹ ti lè ra omi tútù kí ẹ tó débẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá tẹ̀lé e ni ẹ máa mọ ibi tí ẹ bá ara yín.

Ọmọ Oǹdó ni bàbá rẹ̀, ọmọ Oǹdó ni ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n Funtua lókè Ọya ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti dàgbà, ibẹ̀ náà ló ti kàwé. Ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn ni iṣẹ́ gbé e dé ọ́fíìsì wa ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́, níbi tí a ti ń wọn ilẹ̀ fún àwọn ènìyàn. Lọ́jọ́ tó dé náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa ní àṣà Yorùbá. Ó ní àwa tí a wà nílé ti ba àṣà jẹ́, àwọn tó wà ní ìdálẹ̀ ló bá wa tọ́jú rẹ̀. Àwọn àgbà ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ti Rufus tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó lójú, ó wọ awò lé e, ó sì tún ń fọ̀nà han onílé.

Èmi Olúrántí ni tábìlì mi kọjú sí tirẹ̀, nítorí náà ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe.

Agnes ló kọ́kọ́ jìyà. Agnes ni akọ̀wé wa, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́nńbélé, ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan ó ṣí kúlà oúnjẹ rẹ̀, iṣu sísè àti ẹyin díndín ló wà níbẹ̀, ó gbójú sókè, ó sì sọ ohun tí gbogbo ọmọlúwàbí ń sọ bí wọ́n bá fẹ́ jẹun lójú ènìyàn: "Ẹ wá bá mi jẹun o."

Èmi dáhùn pé, "Á gba ibi ire." Àwọn tó kù dáhùn bákan náà. Ṣebí bó ṣe ń rí nìyẹn? Ẹni tó ń jẹun á pè ọ́, ìwọ á súre fún un, kálukú á dúró sáyè rẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán. Rufus ní tirẹ̀ fa àga. Ó bu omi fọwọ́. Kí Agnes tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìdajì ẹyin ti lọ.

"Ní Funtua tí mo ti wá," Rufus ń sọ ọ́ tòun ti iṣu lẹ́nu, "bí wọ́n bá pe ènìyàn síbi oúnjẹ, ọwọ́ là ń fọ̀. Ẹni tó bá kọ̀, ó ń pe onítọ̀hún ní ìkà ni."

Agnes jẹ ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù. Ṣé a lè pe ènìyàn tán ká tún lé e? Lọ́jọ́ kejì ó tún pè wá, nítorí ó ti mọ́ ọn lẹ́nu, Rufus sì tún dé. Lọ́jọ́ kẹta, Agnes gbé kúlà rẹ̀ wọ yàrá tí à ń kó fáìlì sí, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra, ó wà lórí ìdúró láàárín àwọn fáìlì àtijọ́, ó ń jẹun bí ẹni tó jí i. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi kan ilẹ̀kùn.

"Agnes," Rufus nìyẹn, "ṣé kò sí? A ò mà tíì jẹun."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Agnes wá bá mi. "Bọ̀dá Olúrántí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Iṣu tó yẹ kí n jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan ti tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ mi ti ń bi mí pé ta ni mò ń gbé oúnjẹ fún ní ọ́fíìsì."

Ọ̀rọ̀ ti di ti ilé ọlọ́kọ nìyẹn. Mo fa Rufus sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo là á yé e. Mo ní, "Gbọ́, àbúrò mi. Níhìn-ín, ìpè àkọ́kọ́ kì í ṣe ìpè, ìkíni ni. Ìwọ sọ pé á gba ibi ire. Bí wọ́n bá pè ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó lè jẹ́ pé wọ́n ń ṣojú ayé ni, ṣì sọ pé á gba ibi ire. Àmọ́ bí wọ́n bá pè ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, oúnjẹ wà níkòkò nìyẹn, o lè jókòó."

Rufus rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, mo mà mọ gbogbo ìyẹn tẹ́lẹ̀. Àwọn ni mò ń dán wò."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi dán Agnes wò. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. N kò mọ̀ pé mo ti gbé igi lé ọwọ́ ẹni tí kò mọ ìgbà tó yẹ ká lu nǹkan.

Nǹkan tó ká Rufus lára jù láyé nígbà náà ni Fọlákẹ́mi. Tíṣà ni ọmọbìnrin náà ní Àkúrẹ́, ó tutù, ó ní làákàyè, bó ṣe wá gba ti Rufus kò yé ẹnikẹ́ni nínú wa. Bàbá rẹ̀, Bàbá Ọlọ́runníyì, ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé fún ọdún mẹ́rìnlélógún kó tó fẹ̀yìntì sí Oǹdó. Ọkùnrin méjì ti wá tọrọ Fọlákẹ́mi rí. Bàbá lé ẹni àkọ́kọ́ nítorí pé ó gbé fóònù nígbà tí òun ń sọ̀rọ̀. Ó lé ìkejì nítorí pé ó jókòó kí wọ́n tó ní kó jókòó. Fọlákẹ́mi sì ti sọ fún Rufus gbangba pé òun kò ní fẹ́ ẹni tí bàbá òun bá kọ̀.

Nígbà tí Bàbá ní kí Rufus wá fojú han ní Sátidé, ọjọ́ méjì gbáko ni Rufus kò fọ́nnu. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọmọ yìí fẹ́ràn Fọlákẹ́mi dénú. Ó bẹ̀ mí kí n bá òun lọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n, mo sì gbà.

Ilé wọn wà ní Lípàkálà, ní Oǹdó. A dé, Rufus dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kanlẹ̀. Bàbá mirí, ó dà bí ẹni pé inú rẹ̀ dùn. Ó ní ká jókòó, a jókòó. Ìyá Fọlákẹ́mi gbé oúnjẹ wá, iyán tó funfun bí òwú, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹran ọ̀yà tí wọ́n ti ń wá látàárọ̀ nítorí àlejò. Òórùn rẹ̀ nìkan tó láti mú kí ènìyàn ronú pìwà dà.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," Ìyá wí, "ẹ máa wá jẹun."

Rufus gbé ojú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó mọ ìdáhùn ìdánwò. Ó ní, "Á gba ibi ire, mà."

Ìyá wo Bàbá. Ṣé ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ọkùnrin tó wá tọrọ ọmọ kọ oúnjẹ ìyá ìyàwó? Ó túmọ̀ sí pé ó ń fura. Mo fi ẹsẹ̀ gbá a lábẹ́ tábìlì. Rufus wò mí, ó mi orí, ó rò pé mo ń yìn ín ni.

Bàbá wúkọ́ díẹ̀. "Ọ̀dọ́mọkùnrin, ìwọ ni wọ́n torí ẹ̀ se é. Jẹun."

"Á gba ibi ire, sà."

Ojú Ìyá ti yí padà. Ó ti na ọwọ́ láti gbé àwo kúrò nílẹ̀. Mo wá gbogbo ọ̀nà tí mo lè fi yọ ọ́, irọ́ kan ṣoṣo ló sáré wá sí mi lẹ́nu. "Ẹ má bínú, mà," mo ní, "ààwẹ̀ ló ń gbà. Ó ti ṣe ìpinnu pé òun kò ní fẹnu kan nǹkan kan títí di alẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ yín."

Ojú Ìyá rọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Áà, ó mà ṣe o. Ààwẹ̀ nítorí ọmọ wa? Ọmọ mi, Ọlọ́run á gbọ́. Ì bá ṣe pé o lè jẹun ni."

Ìpè kẹta nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Rufus. Ó fọwọ́, ó fa àwo mọ́ra, ó bu òkèlè àkọ́kọ́ tó tó orí ọmọ ìkókó.

Ààwẹ̀ tí mo gbé lé e lórí kò pé ìṣẹ́jú kan. Bàbá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí ó ṣe máa ń wo ọmọ tó sọ pé ewúrẹ́ ló jẹ ìwé òun. Mo tẹjú mọ́ ilẹ̀. Rufus ní tirẹ̀ ń jẹun, ó sì ń ṣàlàyé àṣà Yorùbá fún ẹni tó fi ọdún mẹ́rìnlélógún kọ́ ọmọ ní àṣà Yorùbá. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe níwájú àgbà mọ́.

Nígbà tó yá, a ní a fẹ́ máa lọ. Bàbá dìde. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ọdún mélòó kan, kò sì wọ nǹkan kan ju búbá àti ṣòkòtò ilé, pẹ̀lú sálúbàtà méjì tí kì í ṣe ìkejì ara wọn, ọ̀kan búlúù, ọ̀kan pupa. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n sìn yín dé iwájú."

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Onílé á sin àlejò dé ẹnu ọ̀nà, bóyá dé igun ọgbà. Àlejò á yíjú padà, á ní, "Ẹ padà, sà, ó tó báyìí." Onílé á ní kò tíì tó, á gbé ẹsẹ̀ méjì sí i, á wá padà. Onílé kì í dá ara rẹ̀ padà. Àlejò ló ń dá onílé padà.

A dé igun ọgbà. Mo ní, "Ẹ padà, sà, ẹ ṣeun."

Rufus di Bàbá lọ́wọ́ mú. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń ṣe? Àgbà ní òun fẹ́ sin ènìyàn, ẹ ń lé wọn padà. Àfojúdi nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, sà."

A ń lọ. A dé ìdí òpó iná, Bàbá dúró. Ó ní, "Ó dára. Ọlọ́run á ṣe é ní àlọ ire, àbọ̀ ire."

"Àmín, sà," Rufus wí, òun náà sì dúró. "Ẹ sinmi díẹ̀, sà. Kò sí ìkánjú."

Bàbá tún gbìyànjú. Ó ní, "Orúnkún mi yìí kì í jẹ́ kí n rìn jìnnà." Rufus gba apá rẹ̀ mú kó lè máa fara ti òun. Bàbá ní, "Òjò ti ń ṣú." Rufus ṣí agboòrùn, ó nà án sí i lórí. Mo ń fi ojú bẹ Rufus, mo ń wúkọ́, mo tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó ní kí n máa wo ọ̀nà.

Àwọn tí Bàbá ti nà ní pàṣán rí nílé ìwé ń jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n ń kí i, ojú wọn ń lọ síbi sálúbàtà. "Ọ̀gá wa, ṣé kò sí o?" Bàbá ń dáhùn pé kò sí, kò sí, òógùn ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. Bí a ṣe rìn dé gáréèjì mọ́tò Àkúrẹ́ nìyẹn, ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ẹni tí orúnkún rẹ̀ dá ṣáká.

Awakọ̀ rí wa, ó ní, "Àyè mẹ́ta ló kù, ẹ̀yin náà mẹ́ta. Bàbá, ẹ wọlé síwájú."

Rufus yíjú sí Bàbá, ojú rẹ̀ ń dán. "Ṣé ẹ máa bá wa dé Àkúrẹ́ ni, sà?"

Bàbá yọ apá rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Rufus. Ó na ọwọ́ sí ọlọ́kadà kan, ó gùn ún, wọ́n gbé e lọ. Nínú mọ́tò, Rufus fẹ̀yìn ti àga. "Ẹ rí i bí wọ́n ṣe fẹ́ràn mi, ẹ̀gbọ́n? Wọn ò fẹ́ kí n lọ."

Ìgbà yẹn ni mo sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un, láti orí oúnjẹ dé orí òpó iná. Ó gbé orí lé fèrèsé mọ́tò títí a fi dé Àkúrẹ́. Fọlákẹ́mi kò pè é ní Sọ́ńdè. Kò pè é ní ọjọ́ Ajé. Bí Rufus bá pè é, á ní kó jẹ́ kí bàbá òun sinmi ná. Rufus rù. Agnes fúnra rẹ̀ pè é wá jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan, Rufus ní ebi kò pa òun. Ká sọ tòótọ́, àánú rẹ̀ ṣe mí, nítorí pé èmi ni mo kọ́ ọ ní ìdajì ẹ̀kọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Fọlákẹ́mi wọlé sí ọ́fíìsì wa. Gbogbo wa gbé bírò sílẹ̀.

"Oǹdó ni mo ti ń bọ̀," ó ní. "Bàbá mi ti gbà."

Rufus fò dìde. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo ẹran tó ti kúrò lára rẹ̀ padà. Ó tún kọ́là ṣe, ó kọjú sí wa. "Ṣé ẹ gbọ́? Àgbà tó mọ àṣà, bó bá rí ọmọlúwàbí, á mọ̀ ọ́n."

"Wọ́n ní kí ìgbéyàwó má kọjá oṣù tó ń bọ̀," Fọlákẹ́mi wí.

"Oṣù tó ń bọ̀? Ẹ ò rí ìfẹ́?"

"Ìfẹ́ kọ́, orúnkún ni. Wọ́n ní àlejò ni wọ́n ń sìn lọ́nà. Bí o bá ti di ọmọ ilé, ìwọ nìkan ni wàá máa dá lọ sí gáréèjì."