Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà tí Mo So Mọ́ Etí Ìró

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ gbàgbé orúkọ ara mi. Ọjọ́bọ̀ ni, oòrùn mú ganrínganrín, èmi ìyá arúgbó tó ń fọwọ́ rán fìlà ní Ọ̀fà sì wá di ẹni tó ń lọ ra ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ n rọra sọ ọ́, ara mi ò gba ìkánjú mọ́.

Rófíátù, ọmọ ọmọ mi, ló ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ó wà ní Poli, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà géèmù ló wù ú kó máa tò fún àwọn èèyàn. Oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀gbẹ́ni kan láti Ìlọrin, ti kó gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ fún un, ó sì ní òun ń bọ̀ wá gbé e lẹ́yìn ìrun Alaasárì ọjọ́ yẹn. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni Rófíátù rí i pé mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀ ti kú. Òun ni pátákó pẹlẹbẹ tí gbogbo nǹkan yòókù máa ń jókòó lé. Bí kò bá sí, àpótí lásán lẹ gbé kalẹ̀. Rófíátù sì ní ìdánwò ní ọ̀sán.

"Màmá, ẹ bá mi dé ṣọ́ọ̀bù Mùdá lẹ́bàá ojú irin. Mo ti kọ orúkọ èyí tí mo fẹ́ sínú pépà. Ẹ ṣáà fún un ní pépà."

"Ọpọlọ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé n ò ní mú un dání?"

Ọpọlọ ni Rófíátù ń pe nǹkan kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ, tó hu irun wáyà tín-tìn-tín nísàlẹ̀ bíi búrọ́ọ̀ṣì.

"Háà, Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ẹyọ kan ṣoṣo ni oníbàárà yẹn fún mi. Tó bá bàjẹ́, ta ló tún máa gbé iṣẹ́ fún mi?"

Mo ní mo ti gbọ́. Mo sì gbọ́ lóòótọ́, mi ò kàn gbà ni.

Láti ìgbà tí mo ti ń rán fìlà, n kì í fi ẹnu ra òwú. N ó já fọ́nrán kan, n ó mú un dé ọ̀dọ̀ olówùú, n ó fi wé tirẹ̀. Nítorí náà, bí Rófíátù ti jáde báyìí, mo yọ ọpọlọ kúrò nínú ike rẹ̀, mo fi áńkáṣíìfù wé e, mo so ó mọ́ etí ìró mi, mo sì kì í bọ ìbàdí. Níbo ni obìnrin ẹgbẹ́ mi tún ń fi ohun tí kò gbọ́dọ̀ sọnù sí? Mo so ó le dáadáa. Lórí ọ̀kadà, gbogbo kòtò tá a bá kó sí ni mo ń fi ìgúnpá tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, kí n lè mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀. Mo tún ń yin ara mi!

Mùdá wo pépà, ó mi orí. "Alhaja, èyí ti tán. Àbúrò rẹ̀ nìyí, ìkan náà ni wọ́n."

"Jẹ́ ká fi wé e ná."

Mo tú kókó aṣọ. Irun ọpọlọ ti dojú bolẹ̀ bíi koríko tí màlúù sùn lé.

Mùdá pariwo. "Yéè! Alhaja! Etí ìró lẹ so ó mọ́?"

Aago ara ògiri ti kọjá aago méjì.

"Ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ wọlé," ni Mùdá wí, ó na pátákó rẹ̀ sí mi. "Á wọlé."

Àtàǹpàkò mi ti wà lórí rẹ̀ kí n tó rántí awò ojú mi. Mo fi sójú, mo sì wo pátákó ọwọ́ Mùdá dáadáa. Irun ló hù ní ojú ibi tó yẹ kí ọpọlọ wọ̀.

"Mùdá, tìrẹ nírun, tiwa nírun. Ihò dà?"

"Irun yín tó wọ́ yẹn ni kò jẹ́ kó wọlé, Màmá."

Ta ni kí n gbà gbọ́? Kò sí bí mo ṣe lè mọ̀ àfi tí tèmi bá kọ́kọ́ tọ́. Mo fa abẹ́rẹ́ fìlà yọ ní etí ìborí mi, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

"Pa fáànù yẹn."

Ó pa á. Mo ń ṣe Bìsìmílà lábẹ́ ahọ́n, mo ń gbé irun náà dìde níkọ̀ọ̀kan. Bí ẹyọ kan bá kán, iṣẹ́ ọmọ mi ló kán yẹn. Ọ̀kan wà ní igun tó ya olóríkunkun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi í sílẹ̀ kí n tó tún padà sídìí rẹ̀. Nígbà tí òun náà dìde, òógùn ti rin aṣọ mi gbindingbindin.

Mùdá bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó fa páálí eléruku kan jáde. "Eléyìí ló bá pépà mu. Mo rò pé ó ti tán ni."

"Ojú mi lo rò pé ó ti tán."

Ihò wẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lára ìyẹn. Ó gbé irin kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè, mo gbé ọpọlọ lé e, ó sì wọlé fúnra rẹ̀, láìtẹ̀ ẹ́ rárá.

Nígbà tí mo délé, Rófíátù ti da gbogbo ìdọ̀tí sí àgbàlá, ó ń fọwọ́ tú u. Adìyẹ mi wà ní dídè lẹ́sẹ̀ òpó.

"Màmá, n ò rí ọpọlọ! Adìyẹ yìí ló gbé e mì!"

"Tú adìyẹ sílẹ̀. Èmi ni."

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. "Etí ìró? Etí ìró kẹ̀, Màmá!" Ó gba ẹrù lọ́wọ́ mi, ó sì jókòó tì í títí tó fi tò ó tán. Wọ́n pe ìrun Alaasárì. Mọ́tò ọ̀gbẹ́ni yẹn fun fèrè lẹ́nu géètì. Rófíátù tẹ bọ́tìnnì. Fáànù yí, ojú kọ̀ǹpútà sì dúdú. Mo di tẹ̀sùbáà mú, mi ò lè ka ẹyọ kan. Ó ṣì dúdú. Àfi bó ṣe mọ́lẹ̀ wàá!

Ọ̀gbẹ́ni náà gbé e lọ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Títí dòní kò mọ̀ pé ọpọlọ kọ̀ǹpútà òun ti gun ọ̀kadà ní ìbàdí mi. Yàtọ̀ sí Rófíátù àti Mùdá, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún.

Ohun tí mo kọ́ ni pé kò burú láti mú àpẹẹrẹ dání. Òun ló gbà wá lọ́wọ́ Mùdá. Ṣùgbọ́n tí ọmọdé bá ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan, ó yẹ kí n kọ́kọ́ bi í pé kí ló dé. Rófíátù ti fi fóòmù tẹ́ inú agolo kan fún mi báyìí, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀: KÌ Í ṢE ÌRÓ O, MÀMÁ. Lánàá tó tún rán mi níṣẹ́ sọ́dọ̀ Mùdá, mo ti dé oríta kí n tó rí i pé agolo wà lápá, òfìfo, ẹrù sì wà ní etí ìró. Èmi nìkan ni mo dúró síbẹ̀ tí mo ń tú kókó, tí mo ń fi ara mi rẹ́rìn-ín.