Àmì Pupa Iwájú Orí Baba Gáàdì

Ọ̀gá ti búra láàárọ̀: "Baba Gáàdì, bí mo bá tún ká oorun mọ́ yín lójú lónìí, ẹ gba ilé yín lọ!"

Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń pe oorun. Ṣọ́ọ̀bù àwòrán olówó iyebíye ni, ó dákẹ́ rọ́rọ́, ó tutù nini. Àwòrán odò kan ni Baba ń ṣọ́. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín: bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ọ̀dà wúruwùru lásán ni. Bí ẹ bá fà sẹ́yìn, ó di odò. Bí ẹ bá wò ó fún wákàtí mẹ́ta bíi ti Baba, ó di ibùsùn.

Ẹ tún mọ èyí: bébà pupa róbótó tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwòrán túmọ̀ sí pé ẹnìkan ti rà á. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò rà gan-an ni Ọ̀gá máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, torí ohun tí ẹlòmíì ti mú ni ojú olówó máa ń wọ̀. Ó ní kí Baba bá òun di díẹ̀ mú nínú bébà náà. Baba yán, ó fọwọ́ ra iwájú orí.

Pẹ́!

Ọ̀kan ti lẹ̀ mọ́ ọn. Kò mọ̀. Ó fara ti ògiri, oorun gbé e lọ lóòró.

Ni Máàdáàmù kan bá wọlé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ó fojú fo odò dá. Ó dúró síwájú Baba, ó fà sẹ́yìn, ó di ojú kan.

"Ta ló ra ère yìí?"

Ọ̀gá ti la ẹnu láti lé Baba. Ó rí àmì pupa, ó pa ẹnu dé kíá.

"Ẹnìkan ti yára jù yín lọ, Mà."

"Màá san ìlọ́po méjì!"

"Hhrrrọ̀ọ̀ọ̀!" Baba hanrun.

"Yéè! Ó ń mí!" ọkọ pariwo.

"Dádì, ẹ rọra. Ti ìgbàlódé nìyẹn. Ẹ̀yin ò kúkú mọ iṣẹ́ ọnà!"

Ariwo yẹn jí Baba. Àmọ́ bó bá mira pẹ́nrẹ́n, ó ti jẹ́wọ́ pé òun sùn nìyẹn! Ló bá le gbagidi bí òpó. Ọ̀gá gbowó, wọ́n gbé e sọ́kọ̀, ó di pálọ̀ Máàdáàmù.

Ẹ̀rín á pa mí o! Ibi tí wọ́n ti fẹ́ kó sùn, oorun fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ojú là kalẹ̀ bíi ti ẹja.

Lọ́jọ́ kejì, Máàdáàmù dá a padà: ère ti bàjẹ́.

Ọ̀gá fọwọ́ lérán. "Baba, kí lẹ ṣe tí wọ́n fi lé yín?"

"Ọ̀gá," Baba kẹ́dùn, "wọ́n ní n kì í sùn lẹ́nu iṣẹ́."