Télọ̀ Tó Gba Ẹgba fún Àbúrò Rẹ̀

Ẹ má ṣèèṣì bi télọ̀ yìí léèrè nípa ìgbà èwe rẹ̀ o. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ nílé bàbá rẹ̀ tí kò ní ìtumọ̀ nínú Bíbélì, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń jẹ́ Jésù níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lọ gba aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìwàásù lẹ máa gbà bọ̀. Aṣọ ò tíì ṣe tán.

Èyí tó fẹ́ràn jù ni ti mílíìkì. Ó ní àbúrò òun jí mílíìkì mu nínú agolo, bàbá wọn fa ẹgba yọ, lòun bá bọ́ síwájú: "Bàbá, èmi ni kẹ́ ẹ nà." Á wá ká apá ẹ̀wù sókè, á fi àpá kan hàn wá nítòsí èjìká. Ọdọọdún ni ẹgba yẹn ń pọ̀ sí i. Tá ò bá tètè dá a dúró, ó máa tó sọ pé wọ́n sin òun, òun sì jíǹde.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí wọ́n fẹ́ yan alàgbà tuntun, oyè náà ti wọ̀ ọ́ lójú débi pé ó ti rán ẹ̀wù alàgbà fún ara rẹ̀, ó sì wọ̀ ọ́ wá. Ó tún lọ mú ìyá rẹ̀ wá láti ìlú kejì, ó fi wọ́n jókòó síwájú, kí ìjọ lè rí obìnrin tó bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ó jẹ́rìí, àwọn èèyàn sunkún, ó fi àpá hàn. Pásítọ̀ nu ojú, ó gbé máìkì fún màmá. "Màmá, ẹ bá wa sọ̀rọ̀ sí i."

Màmá tẹjú mọ́ àpá náà. "Èyí? Abẹ́rẹ́ àjẹsára nìyẹn. Iléèwé ni wọ́n ti gún gbogbo wọn."

Ìyá kan lẹ́yìn ká apá bùbá rẹ̀ sókè. Òun náà ní in. Ẹni tó jókòó tì í ní in. Pásítọ̀ fọwọ́ kan èjìká ara rẹ̀. Ká tó ṣẹ́jú, Jésù ti kún inú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹgba yẹn wá ńkọ́, màmá?" ni pásítọ̀ béèrè.

"Àbúrò rẹ̀ ló jẹ ẹ́. Eléyìí ló mu mílíìkì, tó nàka sí ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n ń na ìyẹn lọ́wọ́, mílíìkì ṣì wà nímú eléyìí."

Ẹni tó nítìjú á jókòó, àbí? Télọ̀ wa gba máìkì. "Ẹ̀yin ará, ẹ ò rí i pé ìtumọ̀ rẹ̀ tún wá jinlẹ̀ sí i? Àbúrò mi ni Jésù. Òun ló jìyà mi."

"Ìwọ wá ni ta?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

Òógùn bò ó. "Èmi ni Bárábà, màmá. Ọ̀daràn tí wọ́n dá sílẹ̀, tí wọ́n wá pa Jésù dípò rẹ̀."

"Bárábà sàn jù ọ́ lọ," ni màmá wí. "Wọ́n dá a sílẹ̀, ó gba ilé rẹ̀ lọ. Kò dúró bá wọn du oyè alàgbà."