Òṣòó Baba Silas Lẹ́nu Ọ̀nà Báǹkì

Ààfin Lọ́jà, ọba ìlú wa, kò gbẹsẹ̀ lánàá. Ẹjọ́ kan ló kó gbogbo ìlú jọ síbẹ̀, èmi náà sì ti tètè lọ gba ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Kí n má parọ́, mo ní àkáǹtì ní báǹkì tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, nítorí náà ẹ má retí pé n óò ròyìn rẹ̀ bí ẹni tí kò gbè sẹ́yìn ẹnì kan.

Báǹkì kan ṣoṣo tí a ní nílùú ló pe Baba Silas Fáṣínà lẹ́jọ́. Bánjí, mánẹ́jà wọn, ọmọ Òkè Baálẹ̀ l'Óṣogbo, ló wá rojọ́. Ó wọ táì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti pọ́n nítorí àìsùn. Baba Silas ní tiwọn, àgbà ìjọ Àpọ́sítélì, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, lóṣòó sí àárín gbọ̀ngàn. A gbé àga fún wọn, wọ́n ní kò sí ìjókòó fún ẹni tó ń retí owó.

Olóyè Ọ̀dọ̀fin, tó máa ń bá Kábíyèsí bi àwọn ẹlẹ́jọ́ léèrè ọ̀rọ̀, ló bẹ̀rẹ̀. "Mánẹ́jà, kí ni Silas ṣe fún ọ?"

"Kábíyèsí, ẹ̀yin ìjòyè, Baba ti dí ẹnu ọ̀nà báǹkì wa láti ọjọ́ Ajé. Ẹ mọ ilẹ̀kùn wa, ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Iwájú rẹ̀ gan-an ni wọ́n lóṣòó sí. Oníbàárà kankan ò lè wọlé."

"Wọn ò lè gba orí rẹ̀ kọjá ni?"

"Ta ni yóò gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí àgbà, Olóyè?"

"Òótọ́ ni. Máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ."

"Ọ̀gá wa l'Ékòó ti pè. Wọ́n ní bí ilẹ̀kùn yẹn kò bá ṣí kó tó di ọ̀la, ọjọ́ Ẹtì, àwọn yóò ti ẹ̀ka yìí pa, àwọn yóò sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ mi kò tíì pé oṣù mẹ́ta, Kábíyèsí."

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn wọ àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ lára. Bí báǹkì bá sì lọ, Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni àwa náà yóò ti máa lọ gbowó. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ẹ̀rín lọ.

Ọ̀dọ̀fin kọjú sí Baba Silas. "Silas, kí ló dé?"

"Ẹ bi í léèrè ohun tó mú lápò mi."

"Mánẹ́jà, kí lo mú lápò rẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni. Láti oṣù yìí lọ ni báǹkì yóò máa yọ ọ́ lóṣooṣù lórí gbogbo àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì. Owó ìtọ́jú àkáǹtì ni."

"Ẹ gbọ́ ohun tó wí," ni Baba Silas sọ. "Mo bi í pé ṣé owó mi ń ṣàìsàn ni. Ó ní rárá. Mo ní ṣé ó ń jẹun? Ó ní rárá, Baba. Kábíyèsí, bí mo bá fún ènìyàn ní ewúrẹ́ sìn, tó bá bímọ, a jọ máa pín in ni. Ibo ni wọ́n ti ń gba ewúrẹ́ sìn, tí wọ́n tún ń gba owó okùn lọ́wọ́ ẹni tó ni ín?"

"A máa ń tọ́jú ẹ̀rọ, Baba. A máa ń tan jẹnẹrétọ̀."

"Ṣé owó mi ń bẹ̀rù òkùnkùn ni?"

Gbogbo ààfin rẹ́rìn-ín. Mánẹ́jà náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí iṣẹ́ rẹ̀.

"Kí ló wá kan òṣòó líló?" ni Ọ̀dọ̀fin bi Baba.

"Kábíyèsí mọ uṣẹ́ mi. Òṣómàáló ni mí. Ogójì ọdún ni mo fi ta aṣọ láwìn láti Iléṣà dé ilẹ̀ Tápà. Bí ọjọ́ owó bá pé, n óò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, n kò ní dìde títí yóò fi san án. N kò bú ẹnikẹ́ni rí. Mo máa ń rí owó tó wú lápò ẹlòmíràn, n kò tọwọ́ bọ̀ ọ́ rí. Òun ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́. Ọmọ yìí kò lóṣòó, kò kanlẹ̀kùn, kò kí mi. Mo wà ní ulé mi, mo ń jẹ iyán, owó lọ."

"A fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín, Baba."

"Lẹ́yìn tí ẹ ti mú un. Olè tó mọ̀wé náà lè kọ lẹ́tà."

Mánẹ́jà ní òun ní ẹlẹ́rìí. Mùíbì, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà báǹkì, bọ́ síwájú pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Mùíbì, ṣé Baba dí ọ̀nà lóòótọ́?"

"Wọ́n dí i pátápátá, Olóyè. Eṣinṣin ò ráyè wọlé."

"Ìwọ nìkan ló rí wọn?"

"A pọ̀ níbẹ̀. Mọ́kànlá la wà lórí ìlà."

"Ìlà wo?"

Mùíbì wo mánẹ́jà, ó wo ilẹ̀. "Ìlà òṣòó."

"Ìwọ náà lóṣòó?"

"Bí mo bá dé fìlà iṣẹ́, n kì í lóṣòó. Bí mo bá ṣí i, mo máa ń lóṣòó díẹ̀ lẹ́yìn Baba."

"Mùíbì," ni mánẹ́jà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ìwọ náà?"

"Ẹ má bínú, sà. Wọ́n yọ tèmi náà."

Ó wá kan ẹlẹ́rìí Baba. Ìyàwó wọn, Màmá Julianah, ni Baba mú wá, kí wọ́n lè jẹ́rìí pé Baba máa ń dìde na ẹsẹ̀ lóòrèkóòrè tí ọ̀nà sì máa ń ṣí fún oníbàárà.

"Julianah, ṣé ó máa ń dìde?"

"Wọ́n gbọ́dọ̀ máa dìde ni, Olóyè. Orúnkún wọn kò dáa. Ọdún méje nìyí tí wọn kò ti lè kúnlẹ̀ gbàdúrà, pásítọ̀ ló yọ̀ǹda kí wọ́n máa jókòó. Bí ṣíbí bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, èmi ni mò ń bá wọn ṣà á." Níbẹ̀ ni Màmá ti yíjú wo ọkọ wọn dáadáa. "Baba Ìmísíolúwa, láti ìgbà wo ni ẹ ti wà lórí òṣòó yìí?"

"Láti Ajé."

"Ẹ lè lóṣòó láti Ajé dé Ọjọ́bọ̀, ẹ ò lè kúnlẹ̀ fún Olúwa?"

"Olúwa mọ ulé mi, Julianah. Bí mo jókòó, yóò gbọ́. Èkó ò mọ ulé mi."

"Olóyè," ni Màmá wí, "ẹ dá mánẹ́jà láre." Wọ́n sì kó ìró wọn jọ, wọ́n lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ara tu mánẹ́jà. Ìbá dára ká ní ibẹ̀ ni ẹjọ́ náà parí sí, ṣùgbọ́n Kábíyèsí, tí wọn kò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, la ẹnu.

"Gbogbo àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì lo wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí."

"Tèmi ńkọ́?"

Mánẹ́jà tún táì rẹ̀ ṣe. "Kọ̀ǹpútà ló ń yọ ọ́, Kábíyèsí. Kò mọ ọba."

Ọ̀dọ̀fin ṣí fìlà, ó tún un dé. Kábíyèsí yọ fóònù wọn lábẹ́ tìmùtìmù, wọ́n wọ gíláàsì, wọ́n wá a títí.

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta," ni wọ́n wí. "Ọjọ́ kìíní oṣù. Mo ti bá Jọmílójú ọmọ mi jà lórí owó yìí, mo ní òun ló fi ra dátà. Ọmọ náà sunkún."

Inú bí Kábíyèsí, ó hàn gbangba. Èmi náà bínú, torí mo ti fura sí ìyàwó tèmi pẹ̀lú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni wọ́n dá ẹjọ́.

"Silas, dìde. A kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ nítorí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà báǹkì yẹn mọ́."

Ènìyàn méjì ló fa Baba Silas dìde. Mánẹ́jà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí."

"N kò tíì parí. Báǹkì ṣiṣẹ́, kí báǹkì gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, a kì í tọwọ́ bọ àpò ẹni gbowó. Ẹ dá ohun tí ẹ ti mú padà fún oníkálukú. Lẹ́yìn náà, ìwọ Bánjí yóò máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ sílé oníbàárà kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù. Wàá kí onílé, wàá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, o kò sì ní dìde títí yóò fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fún ọ. Bó bá ti san, kó o kọjá sí ilé kejì. Oníbàárà mélòó lẹ ní?"

"Ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì, Kábíyèsí."

"O ní láti tètè bẹ̀rẹ̀. Ilé mi ni kó o ti bẹ̀rẹ̀."

Bánjí lóṣòó. Kábíyèsí dìde, wọ́n wọlé lọ jẹ iyán. Baba Silas nìkan ló dúró tì í.

"Fi gìgísẹ̀ kanlẹ̀, ọmọ mi," ni wọ́n ń sọ fún un. "Bó o bá fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, o ò ní pẹ́ ṣubú. Tú táì yẹn. Má wo ojú fèrèsé, onígbèsè kì í yọjú bó o bá ń wò ó."

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ sílé, ní nǹkan bí aago mẹ́rin, fóònù Bánjí dún. Èkó ló ń pè. Mo rọra dúró, torí n kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lábọ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Baba ti dìde, sà. Ilẹ̀kùn ti ṣí. Rárá, sà, n kò sí ní ọ́fíìsì, owó ìtọ́jú àkáǹtì yẹn ni mò ń gbà lọ́wọ́. Láti aago mọ́kànlá, sà. Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ bá wa fagi lé owó yẹn nílùú yìí. Mélòó ni mo ti gbà kẹ̀? Sà, ilé kìíní ni mo ṣì wà."