Gàárì Tí Mo Dì Sínú Ọ̀rá

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí tí wọn yóò fi sin mí, bí àwọn tó wà níbẹ̀ tilẹ̀ ti gbàgbé rẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo kígbe láàárín ìlú Ìgèdè, níṣojú àwọn ìjòyè àti àwọn ará ìjọ, tí ẹṣin pàápàá yíjú wò mí. Kí n tó sọ bó ṣe jẹ́, ẹ jẹ́ kí n ti sọ fún yín pé ojo ni mí. Bí aláǹgbá bá já lulẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé, èmi ti wà ní kọ̀rọ̀ yàrá pẹ̀lú Bíbélì láyà. Olùkọ́ ni mí nílùú Adó, àwọn ọmọ kíláàsì mi sì rò pé n kò bẹ̀rù ohunkóhun. Ọlọ́run ló ń bo àṣírí.

Ìgèdè ni bàbá ọkọ mi ń gbé, wọ́n sì ní gàárì ẹṣin kan tí bàbá tó bí wọn lò lọ́jọ́ ìwúyè tiwọn. Nínú ìdílé wọn, ẹni tí oyè bá kàn gbọ́dọ̀ jókòó lórí gàárì yẹn, kó gun ẹṣin yí ìlú ká kó tó wọ ààfin. Ní gbogbo ìgbà tí ìyá ọkọ mi fi wà láyé, orí àjà ilé ìdáná ni gàárì náà ń gbé, lókè ibi tí Màmá ti ń fi igi dáná láràárọ̀. Nígbà tí Màmá ṣaláìsí, àwa ọmọ wó ilé ìdáná alámọ̀ yẹn, a kọ́ tuntun, a gbé gáàsì sí i, inú wa ń dùn. Ìgbà tí ilé wó tán ni a tó rí gàárì nílẹ̀. Ta ni yóò tọ́jú rẹ̀? Ẹnu mi tí kì í sinmi ló ní kí wọ́n gbé e wá sílé wa ní àdúgbò Adébáyọ̀ nílùú Adó, pé òrùlé wa kò jò.

"Ọmọ mi," Bàbá ní, "má dì í pa o. Gbé e kọ́ síbi tí atẹ́gùn ti lè rí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ẹnu lásán ni mo fi dáhùn.

Nígbà tí mo gbé e délé, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó sì ń rùn fún èéfín. Mo ní irú ẹ̀gbin wo nìyí? Mo da omi ọṣẹ sí i, mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ gàárì, mo fọ ìjánu pẹ̀lú. Àárín òjò ni, kò sí oòrùn gidi tó lè gbẹ awọ. Kó tó gbẹ dénú ni Ìyá Tóyọ̀sí yọjú. Aládùúgbò mi ni, òun sì ni aṣáájú ẹgbẹ́ aládùúrà nínú ìjọ wa. Ó rọra yí gàárì náà po, kò fọwọ́ kàn án.

"Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ti fi awọ yìí ṣe?" ló bi mí.

"Wọ́n fi gun ẹṣin ni, mà."

"Ìwọ lo mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó jáde lọ ní tirẹ̀, ó fi ẹ̀rù sílẹ̀ fún mi. Mo gbé ìgò òróró àdúrà, mo da gbogbo ìgò náà sí gàárì lórí. Mo fi pa á láti ibi ìjókòó dé ọ̀já ikùn, ìyẹn awọ gígùn tí wọ́n fi ń so gàárì mọ́ abẹ́ ikùn ẹṣin. Mo dì í sínú ọ̀rá, mo tún fi ọ̀rá mìíràn dì í, mo da káńfọ̀ lé e. Mo wá gbé e sínú pọ́tímáńtò onírin tí mo gbé lọ sílé ẹ̀kọ́ nígbà èwe mi, tí igun rẹ̀ kan ti dípẹtà díẹ̀, mo tì í pa, mo sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yàrá àlejò. Mo ní kòkòrò kò ní lè wọlé, olè kò ní lè wọlé, bí ohun kan bá sì ń gbé inú awọ náà, kò ní lè jáde. Ọkàn mi balẹ̀ wọ̀ǹ. Òmùgọ̀ ni ọkàn mi nígbà mìíràn.

N kò ṣí i mọ́. Òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé, òjò mìíràn tún bẹ̀rẹ̀. Àfi ìgbà tí Bàbá pè mí lórí fóònù tí ohùn wọn ń gbọ̀n, pé oyè ti kàn wọ́n, Sátidé tó ń bọ̀ ni ìwúyè, kí n bá wọn gbé gàárì wá. Mo kí wọn kú oríire, mo jó díẹ̀, mo sì jó wọ yàrá àlejò láti fa àpótí jáde. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́. Ó dákẹ́. Kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́. Inú àpótí ló ti ń wá.

Orí mi wú. Ọkọ mi ti lọ sí Ìgèdè láti lọ ṣètò ìjókòó, kò sẹ́ni tí mo lè pè ju Ìyá Tóyọ̀sí lọ. Ó dé tòun ti agogo àdúrà. A kọrin, a gbàdúrà, a làágùn. Nígbà tí àdúrà tán, a ń wojú ara wa.

"Ṣí i," ló wí.

"Ẹ̀yin lẹ lágbára jù, mà. Ẹ bá mi ṣí i."

"Èmi ni mo tì í ni?"

Ó gbé agogo fún mi kó lè gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo dijú, mo ṣí ìdérí. Òórùn tó jáde níbẹ̀, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká tún gbọ́ irú rẹ̀. Mo lajú. Gàárì ti hu irun! Funfun báláú, ó bò ó látòkè délẹ̀, àwọ̀ ewé díẹ̀díẹ̀ sì wà láàárín rẹ̀.

"Jésù! Ó ti hewú!" Ìyá Tóyọ̀sí lọgun. Kí n tó lè ṣàmín, ohun kan fò jáde nínú irun funfun yẹn, ó gba orí ẹsẹ̀ mi kọjá. Ìgbà tí n óò fi mọ̀, mo ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń lu agogo kíkankíkan, mo ń ka Sáàmù, mo da orí kan pọ̀ mọ́ òmíràn. Mo wẹ̀yìn, n kò rí aṣáájú ẹgbẹ́ aládùúrà mọ́. Bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan ló kù nínú yàrá.

Láti orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti rí ẹ̀mí náà dáadáa. Èkúté ni. Ihò ìpẹtà ló gbà wọlé, ó bímọ sínú gàárì, àwọn ọmọ rẹ̀ pupa rọ̀bọ̀tọ̀ sùn sáàárín ìjánu tó ti gé jẹ. Èbu sì ni irun funfun, irú tó máa ń hù lára búrẹ́dì. Omi tí n kò jẹ́ kó gbẹ àti òróró tí mo dà ló bí èbu nínú ọ̀rá, òórùn òróró kan náà ló sì pe èkúté wá jẹun.

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo fa ọ̀já ikùn jáde ni ẹ̀rín pa rẹ́. Èkúté ti jẹ ẹ́ kù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo rí Bàbá lójú ọkàn mi, àgbàlagbà ẹni àádọ́rin ọdún ó lé, lórí ẹṣin gíga, tí ọ̀já já lábẹ́ wọn lórí títì ọ̀dà. Ó yẹ kí n pè wọ́n lójú ẹsẹ̀. Mo gbé fóònù, mo gbé e sílẹ̀. Mo ń gbọ́ ohun tí àwọn ẹbí yóò wí: tíṣà Adó ti ba gàárì baba ńlá wa jẹ́. Ẹ̀rù ìtìjú bò mí ju ẹ̀rù èkúté lọ.

Mo nu èbu kúrò, mo sá gàárì sí oòrùn gbígbóná, ó gan, ó sì sán. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń tún bàtà ṣe ní Ọjà Ọba. Ó fa ọ̀já náà wò, ó ní ó ti jẹrà, òwú kò ní dì í mú pẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà rán an. Ó rán an. "Àǹtí, kí ẹni tó máa jókòó lé e má sanra o," ló wí. Bàbá ọkọ mi sanra. Mo ra pọ́líìṣì dúdú, mo kùn ún títí gàárì fi ń dán bíi tuntun.

Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá wọ agbádá funfun. Wọ́n wo gàárì, wọ́n ní, "O káre, ọmọ mi, o tọ́jú rẹ̀." Wọ́n gùn ún, ẹṣin gbéra, èmi náà gbéra. Mo rìn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹṣin, mo di ọ̀já ikùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Àwọn obìnrin ń yìn mí pé, "Ẹ wo ìyàwó tó fẹ́ràn bàbá ọkọ rẹ̀!" Ojú mi kò kúrò lára òwú, mo ń rí i bó ṣe ń tú. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí a dé ààfin.

Nígbà tó kù díẹ̀ ká débẹ̀, àwọn ọdẹ yìnbọn ìyẹ́sí. Ẹṣin fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀já náà dún pẹ́ẹ́ lábẹ́ ọwọ́ mi.

"Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀!" Mo kígbe débi pé ohùn mi há. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀! Gàárì ti jẹrà! Èmi ni mo bà á jẹ́!"

Orin dá. Bàbá wò mí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ kíá, n kò mọ̀ pé àgbàlagbà lè yára tó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn kan ilẹ̀, ọ̀já já, gàárì yí sábẹ́ ikùn ẹṣin, ẹṣin sì ta á nípàá sínú gọ́tà. Bí Bàbá bá wà lórí rẹ̀ ni ńkọ́? Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bú sẹ́kún. Ẹkún náà ni mo ń sun lọ́wọ́ tí ẹnìkan lẹ́yìn fi pariwo ẹ̀rín. Pọ́líìṣì mi ti ya àwòrán gàárì sí ìdí agbádá funfun Bàbá, roboto, dúdú kirimú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹsẹ̀ rìn wọ ààfin láti lọ joyè.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n pè mí sí kọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ń dúró de èébú.

"Dìde," Bàbá ní, wọ́n sì wo ẹ̀yìn wò bóyá ẹnìkan ń bọ̀. "Mọ fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan fún ọ, má sọ ọ́ nínú ulé yìí o. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ní mọ máa gun ẹṣin, mi ò sùn. Ẹṣin ń bà mí lẹ́rù. Mọ ń gbàdúrà nísàlẹ̀ ọkàn mi pé kí ẹnìkan ṣáà ní kí n sọ̀."

Mo ti kọ́gbọ́n. Èéfín ìdáná Màmá ló ti ń dáàbò bo gàárì náà lọ́wọ́ èbu àti kòkòrò. Awọ kì í fẹ́ ọṣẹ, kì í fẹ́ òróró àdúrà, kì í fẹ́ ọ̀rá. Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ gbé e kọ́ sórí igi, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí i, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò, pàápàá bí ẹ bá ń bẹ̀rù àtiyẹ̀ ẹ́ wò. Àwa ojo méjì la rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa lọ́jọ́ náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nílẹ̀, tí ìkíní kò sọ fún ìkejì. Bí mo bá rántí rẹ̀ nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé, mo máa ń kọjú sí pátákó kí wọ́n má rí ẹ̀rín mi.