Ẹ̀rọ Tí Akínlàbí Rán Lọ Kí Àna Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó wọ̀nyí, tí ẹ ń gbọ́ táwọn àgbà ń pa á lówe pé ẹnu ẹni la fi ń kí àna ẹni, ṣé ẹ tilẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ti rí i? Ẹ má sọ fún mi pé láti ayé àtijọ́ ni. Òwe náà kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Inú ọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi táwọn ọ̀dọ́ kan ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Akínlàbí. Ọwọ́ rẹ̀ yá lórí kọ̀ǹpútà bí ọwọ́ ìyá tó ń bó ẹ̀gúsí, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ wúwo. Bí o bá kí i káàárọ̀, yóò mi orí. Bí o bá bi í pé ṣé ó ti jẹun, yóò tún mi orí, o kò sì ní mọ̀ bóyá ó ti yó ni tàbí ebi ń pa á.

Akínlàbí fẹ́ fi Mojírọ́lá, olùkọ́ ìṣirò kan, ṣaya. Mojírọ́lá gbà. Ìyá rẹ̀ gbà. Ó ku bàbá. Alàgbà Fọláwiyọ, bàbá Mojírọ́lá, ti fi ọdún márùndínlógójì ṣiṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́ kí ó tó fẹ̀yìntì sí Ìsẹ́yìn, kò sì sí lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí tí kò fèsì. Nígbà tí fóònù dé, ó gbé ìwà náà wọ inú fóònù. Ìkíni láàárọ̀, ìkíni lọ́sàn-án, ìkíni nírọ̀lẹ́. Ọkùnrin méjì ti wá tọrọ Mojírọ́lá ṣáájú. Èkíní dákẹ́ fún ọjọ́ méjì gbáko. Èkejì fi àwòrán àtàǹpàkò kan ṣoṣo dá bàbá lóhùn. Bàbá wo àtàǹpàkò náà títí. Ó ní, "Ṣé ó rò pé mi ò mọ̀wé ni, tó fi ní kí n wá tẹ̀ka?" Bó ṣe lé ìyẹn náà lọ nìyẹn.

Mojírọ́lá kìlọ̀ fún Akínlàbí. "Akin, ìkíni ni bàbá mi fi ń wọn èèyàn wò. Tí wọ́n bá kọ̀ ẹ́, ó parí nìyẹn. Mi ò ní fẹ́ ẹni tí bàbá mi ò fọwọ́ sí."

"Màá máa kí wọn," ni Akínlàbí wí.

Ó kí wọn lóòótọ́, fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹgbẹ́ àwọn olùsìn adìyẹ kan ní kí wọ́n ṣe ètò tí yóò máa pariwo nígbà tí ilé adìyẹ bá gbóná jù. Ètò náà ń pariwo dáadáa. Àmọ́ bí ilé adìyẹ bá tutù, ó ń pariwo. Bí kò tilẹ̀ sí adìyẹ kankan níbẹ̀, ó ń pariwo. Akínlàbí ló gbọ́dọ̀ tún un ṣe, àárín ariwo yìí ni ìkíni bàbá sì ń wọlé.

Kí ló yẹ kí ó ṣe? Kí ó gbé ọwọ́ kúrò níbi iṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí ó kí àgbà. Dípò bẹ́ẹ̀, ó fi wákàtí mẹ́sàn-án kọ ètò tí yóò máa bá a kí wọn. Bí ọ̀lẹ ṣe ń ṣe nìyẹn: wàhálà rẹ̀ ń pọ̀ ju ti òṣìṣẹ́ lọ.

Òfin méjì péré ló fún ẹ̀rọ náà. Èkíní, ohunkóhun tí bàbá bá sọ, kí ó fi "ẹ kú" ṣáájú rẹ̀, kí ó sì fi àdúrà tì í. Èkejì, kí ó má ṣe jẹ́ kí bàbá sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn láéláé.

Kúnbi, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, na ọrùn wò ó. "Ẹ̀rọ ló ń bá ẹ tọrọ ìyàwó?"

"Ìkíni lásán ni."

"Ó dáa. Lọ́jọ́ ìdọ̀bálẹ̀ náà, kí ó bá ẹ dọ̀bálẹ̀. Ṣá rí i pé wáyà ẹ̀ gùn dé Ìsẹ́yìn."

Akínlàbí mi orí.

Bàbá kọ̀wé lọ́jọ́ Ajé pé, "A jí o. Òjò ń rọ̀ níbí." Kíá ni ẹ̀rọ fèsì: "Ẹ kú òjò, sà. Yóò máa pọ̀ sí i." Inú bàbá dùn. Lọ́sàn-án, ó kọ ọ́ pé eyín ń dun òun. Ẹ̀rọ ní, "Ẹ kú eyín dídùn, sà. Àṣèyí ṣàmọ́dún." Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà.

"Ó ń bá yín ṣàwàdà ni, Bàbá Mojí," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ràn ọmọ tó lè ṣàwàdà.

Lọ́jọ́rú, bàbá ṣèèṣì dúpẹ́. Ó kọ ọ́ pé, "O ṣeun, ọmọ mi." Ẹ̀rọ ní, "Ẹ kú ọpẹ́, sà. Ẹ ó pẹ́ fún wa." Wọ́n gbàdúrà fún àgbà, kí ni yóò ṣe? Ó kọ ọ́ pé, "Àmín." Ẹ̀rọ ní, "Ẹ kú àmín, sà. Ẹ ó jẹun ọmọ." Bàbá ní, "Àmín, àṣẹ." Ẹ̀rọ ní, "Ẹ kú àmín àti àṣẹ, sà. Ọ̀tá ò ní rí yín gbéṣe."

Ṣé ẹ ti rí ibi tọ́rọ̀ ń lọ? Ọ̀kan kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, èkejì kò lè gbọ́ àdúrà kí ó má ṣe àmín. Iyán bàbá tutù. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀, kí ẹ jẹun!" Bàbá ní, "Kí n fi àdúrà sílẹ̀ láìṣe àmín? Tó bá wá lọ sílé ẹlòmíràn ńkọ́?" Ó fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ títí ó fi wú, ó sì bọ́ sí òsì. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ọwọ́ méjèèjì ti wú bí iṣu tuntun. Ó bẹ ìyàwó rẹ̀ kí ó bá òun tẹ̀ ẹ́. Ìyàwó ní òun kọ́ ni wọ́n ń ṣàdúrà fún.

"Irú ọmọ báyìí ò sí mọ́," ni bàbá wí. "Mo fẹ́ fojú rí i. Ọ̀la ni màá fún un lọ́mọ, kí n lè sinmi."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Mojírọ́lá mú bàbá rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì náà. Akínlàbí kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ bo etí méjèèjì, ó ká ọwọ́ lérí. Àwọn olùsìn adìyẹ yóò dé láàárín wákàtí kan, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọpa ibi tí àṣìṣe rẹ̀ wà.

"Akínlàbí, ọmọ mi, mo dé o!"

Kúnbi ti kúnlẹ̀: "Ẹ káàbọ̀, sà!" Ó fi ọwọ́ ti àga Akínlàbí. Akínlàbí kò wẹ̀yìn. Ó na ìka kan sókè, ó ní, "Ẹ dúró ná."

Fóònù dún lápò bàbá. Àdúrà mìíràn ló wọlé. Bàbá tẹ "Àmín" síbẹ̀ bí ó ti ń ṣe. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí kọ̀ǹpútà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Akínlàbí. Ó rí "Àmín" tirẹ̀ níbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, "Ẹ kú àmín, sà" ń kọ ara rẹ̀. Bàbá wo ọwọ́ Akínlàbí. Méjèèjì ti padà sórí.

Ó fara balẹ̀ tẹ̀ ẹ́: "Ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀?"

"Ẹ kú ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀, sà. Yóò kárí."

Bàbá fi ọwọ́ wíwú rẹ̀ ṣí ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kúrò létí ọmọ náà. Akínlàbí yíjú. Ó dọ̀bálẹ̀ kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kọ́ wáyà, ariwo ilé adìyẹ sì ta.

"Mojírọ́lá," ni bàbá wí, "ta lèyí? Ẹni tó ń kí mi láti ọjọ́ Ajé rèé lórí tábìlì. Òun ni mo fún lọ́mọ. Wá gbé ọkọ rẹ, kí a máa lọ."

Mojírọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Omi ti gba ojú rẹ̀. Omi ojú yẹn ló ṣí Akínlàbí lẹ́nu.

"Sà, ẹ má bínú. Ẹ má fi tèmi jẹ ẹ́ níyà. Ohunkóhun tí ẹ bá ní kí n ṣe, màá ṣe é."

"Ìkíni mélòó ni ẹ̀rọ yìí ti kí mi?"

Kúnbi wo kọ̀ǹpútà náà. "Egbèje ó lé mẹ́rìndínlógún, sà."

"Ọ̀la ni wàá wá sílé mi pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ. Wàá kí gbogbo rẹ̀ tán, lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí ìdọ̀bálẹ̀. Èmi náà á sì máa ṣe àmín. Tí o bá fo ẹyọ kan, mi ò lọ́mọ fún ọ."

Kúnbi ló dúró de àwọn olùsìn adìyẹ. Akínlàbí lọ tẹ ìkíni rẹ̀ sórí ìwé.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹbí méjèèjì pé sí Ìsẹ́yìn láàárọ̀. Akínlàbí dọ̀bálẹ̀ lórí ẹní, ó ń kà, bàbá ń ṣe àmín. A kì í gbé oúnjẹ kalẹ̀ nígbà tí ìkíni kò tí ì parí. Àwọn àgbà jókòó, wọ́n ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Agogo méjì lù. Agogo mẹ́rin lù. Bàbá àgbà kan tòògbé, ó tají, ó ní, "Ṣé wọ́n ti jẹun tán ni?" Wọ́n ní ìkíni ọgọ́rùn-ún méje ló kù.

Níbẹ̀ ni ohùn Akínlàbí há. Ó ń sọ ọ́ ní wúyẹ́wúyẹ́: "Mojí, jọ̀ọ́, gbé kọ̀ǹpútà mi wá. Ó lè bá mi ka ìyókù sókè."

Gbogbo àgbà ilé tí ebi iyán ń pa dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n pariwo mọ́ ọn. Ariwo tí wọ́n pa lọ́jọ́ yẹn gan-an ni òwe. Akínlàbí gba omi, ó mu, ó padà sórí ẹní, ó kí wọn tán ní ìdájí ọjọ́ kejì, bàbá sì fún un ní Mojírọ́lá. Àwọn àgbà náà jẹ iyán tó ti le bí òkúta. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀dọ́ tí wọ́n rí tí wọn kì í kìlọ̀ fún, wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ń sọ ọ́: ẹnu ẹni la fi ń kí àna ẹni.