Ọwọ́ Òsì Ni Mo Fi Gbé Iṣu fún Alhaja

Ọjọ́ tí mo fi ọwọ́ òsì gbé iṣu fún ìyá àfẹ́sọ́nà mi, bí mo lo ọgọ́rùn-ún ọdún láyé, kò lè kúrò lọ́kàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí.

Oúnjẹ ni mo ń gbé kiri fún àwọn oníbàárà ní Peckham, ọ̀kadà ni mo sì fi ń ṣe é. Ohun kan ṣoṣo ló ń gbà mí lọ́wọ́ òtútù ìlú òyìnbó yìí: rọ́bà méjèèjì tí mo ń dì mú lọ́wọ́ ọ̀kadà náà ní wáyà nínú. Tí mo bá ti tẹ bọ́tìnnì, wọ́n á gbóná lọ́wọ́ mi bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo. Àfi bó ṣe di àárọ̀ Sátidé kan tí ti ọwọ́ ọ̀tún kú. Ti òsì ń gbóná, ti ọ̀tún tutù bí ẹja inú yìnyín lọ́jà Rye Lane.

Ọjọ́ wo ló sì yàn láti kú? Ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ kí Alhaja, ìyá Ráfíà, ní Deptford fún ìgbà àkọ́kọ́. Ráfíà ni mo fẹ́ fẹ́. Ibí ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ á máa fì sọ́tùn-ún sósì, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ rẹ̀ yé mi dáadáa: "Mummy mi ò ń ṣeré o, respect lásán ni wọ́n fi ń wo èèyàn, you get me?" Ọkùnrin tó wá ṣáájú mi, orí ìdúró ló ti kí wọn, wọn ò sì jẹ́ kó rí àga jókòó. Bí Alhaja bá kọ̀ mí, ó tán nìyẹn, torí Ráfíà ò jẹ́ fẹ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ ò fẹ́.

Ẹni tí orí rẹ̀ pé á gbé ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì tó wà lábẹ́ afárá rélùwéè. Èmi ńkọ́? Mo ti wo fídíò kan lórí fóònù, mo ti di ẹnjiníà. Mo pààrọ̀ fíùsì, kò gbóná. Bó bá jẹ́ fíùsì ni, ṣebí ti òsì náà ìbá ti kú, ṣùgbọ́n ta ló ráyè ronú? Mo nu ojú ibi tí wáyà ti so pọ̀, kò gbóná. Ni mo bá fi ọ̀bẹ ìdáná yọ rọ́bà ọ̀hún tipátipá kí n lè wo abẹ́ rẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan tó yé mi. Aago sì ń lọ, mo ti ṣèlérí pé n ó dé kí Alhaja tó kírun Alásàrì. Mo da gọ́ọ̀mù alágbára sí i, mo ki rọ́bà padà, mo wọ ìbọ̀wọ́ onírun, mo so iṣu tí mo rà fún Alhaja mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó di Deptford.

Nígbà tí mo dé New Cross lójú ọ̀nà, mo kíyè sí i pé ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń gbóná. Inú mi dùn, mo ní alhamdulilahi, iṣẹ́ mi ti jẹ́. Mi ò mọ̀ pé gọ́ọ̀mù tí ò tíì gbẹ ló ti wọ inú ìbọ̀wọ́ mi, òun ló ń ta mí lára. Mo dé iwájú ilé Alhaja, mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ ò kúrò lára rọ́bà. Mo fà á. Mo tún fà á. Rọ́bà fi ọ̀kadà sílẹ̀, ó tẹ̀lé ọwọ́ mi.

Ẹ wá wò mí lẹ́nu ọ̀nà ẹni tí mo fẹ́ fi ṣe àna: rọ́bà ọ̀kadà lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ọ̀tún, iṣu ńlá wà lọ́wọ́ òsì. Kí n tó mọ ohun tí màá ṣe, Alhaja fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún pamọ́ sẹ́yìn, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kọnkéré tó tutù, mo wá na iṣu sí wọn láti ilẹ̀. Pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Ráfíà tó wà lẹ́yìn wọn fọwọ́ bojú.

Alhaja ò gba iṣu. Ohùn wọn ò ga rárá.

"Ọmọ mi, ṣé ọwọ́ tí wọ́n fi ń fún ìyá ẹni ní nǹkan nílé yín nìyẹn?"

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo mú ọwọ́ ọ̀tún jáde. "Ẹ dákun, Mummy, ó ti lẹ̀ ni."

Wọ́n wo rọ́bà náà títí. Ráfíà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó panu mọ́. Wọ́n ní kí n dìde, wọ́n gba iṣu, wọ́n fà mí lọ sí ilé ìdáná. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ni wọ́n bù sínú abọ́, wọ́n ki ọwọ́ mi bọ̀ ọ́, wọ́n wá jókòó tì mí, wọ́n ń fi òróró bó òwú ìbọ̀wọ́ kúrò lára mi díẹ̀díẹ̀ kí awọ má baà bá a lọ. Bí wọ́n ṣe ń bó o ni wọ́n ń bi mí léèrè ìlú bàbá mi, ẹni tó kọ́ mi ní kéú, àti ohun tí mo fẹ́ fi bọ́ ọmọ wọn. Níbo ni mo fẹ́ sá sí? Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí mi ò padà sílé nígbà tí ọ̀kadà ti ń dà mí láàmú. Mo ní mo ti dá àsìkò fún wọn. Wọ́n mi orí, wọ́n tún da òróró sí i. Mi ò tíì rí irú ìyá bẹ́ẹ̀ rí: wọ́n ń bá mi wí, wọ́n ń tọ́jú mi, ọ̀kan ò dá èkejì dúró. Mo fẹ́ràn wọn níbi tí mo jókòó sí yẹn.

Nígbà tí rọ́bà já bọ́ sínú abọ́, wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì nu ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá yíjú.

"Ráfíà, bu oúnjẹ wá fún ọkọ rẹ. Fi ṣíbí sí i, ara ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ta á."

Ọkọ rẹ! Omi bọ́ lójú mi. Mo ní gọ́ọ̀mù ló fà á.

Lọ́jọ́ Monday, mẹ́káníìkì fi hàn mí pé wáyà ti ọwọ́ ọ̀tún ló já lábẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún la máa ń yí kí ọ̀kadà tó sáré, yíyí yẹn ló sì ń gé e. Kò pẹ́ rárá tó fi tún un ṣe. Mo ti kọ́gbọ́n: iṣẹ́ tí mi ò bá mọ̀, mo ń gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ká ní mo ti lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé yẹn, báwo ni Alhaja ì bá ṣe di ọwọ́ mi mú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín ara mi jàre.